Ààwẹ̀ Tí Ládàánì Ilé Wa Ń Ṣubú

Àlàrùba, ààwẹ̀ kìíní

Wọ́n rí oṣù. Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni Bàbá Mùjíbù kò ti jẹ́ kí a gbádùn, ó ń lọ sókè sódò bí ọmọ tí wọ́n ṣèlérí aṣọ ọdún fún. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin! Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń pe ìrun ní mọ́sáláásí ẹ̀gbẹ́ ilé wa, síbẹ̀ gbogbo ààwẹ̀ ló máa ń ṣe bí ẹni pé àná ni wọ́n fi í jẹ ládàánì.

Ìdúmọ̀tà ni mo ti ra ìwé yìí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ti máa ń kọ ìwé nínú ààwẹ̀, kí n lè rí ibi tí mo ti ṣẹ̀. Ti ọdún tó kọjá, ìjà èmi àti àwọn ará ilé ló kún inú rẹ̀. Lọ́dún yìí mo ti pinnu pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Mo ti kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí ìdí sààrì. Lọ́dún tó kọjá, ẹyọ kan péré ló ń lò. Lẹ́yìn Iléyá ni dókítà fi méjì kún un, ọ̀kan ti alẹ́, ọ̀kan tí ń mú un tọ̀. Mo da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i lọ́wọ́, ó fi ife omi kan gbé wọn mì, ó parí, kò sí oògùn tó máa ba ààwẹ̀ jẹ́ mọ́. Mo sọ ọ́ fún àwọn ìyá àsàlátù wa náà, wọ́n ní, "Ìyá Tíṣà, orí yín pé." Inú mi dùn, kí n má parọ́.

Ooru yìí pọ̀. Ní Èbúté Èrò, ata ti wọ́n débi pé èèyàn ń kà á lẹ́yọ lẹ́yọ.

Sátidé, ààwẹ̀ kẹrin

Mo ti jà.

Bàbá Mùjíbù sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun àìlà. Mariyah, abilékọ ọ̀dọ́ tó jẹ́ ará ilé wa, tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi, ti fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀. Mo gbọ́ "gbì!" bí ìgbà tí àpò gàrí bá já bọ́. Kí n tó sáré dé ìsàlẹ̀, ọkọ mi ti wà ní ìjókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bútà wà lórí itan rẹ̀, ó ń wò káàkiri bí ẹni tó jí sí ilé onílé. Ìgúnpá rẹ̀ ti bó.

"Kí ló ṣe yín?"

"Mo jókòó ni."

"Ẹ kàn jókòó sílẹ̀ báyìí?"

"Ooru mú mi. Ilẹ̀ ibí tutù."

Mo kọjú sí Mariyah. Ohun tí mo sọ sí i, n kò ní kọ ọ́ síbí, ààwẹ̀ là ń gbà. Ó ní, "Alhaja, ẹ má bínú, mo ti gbá omi yẹn kúrò láti àárọ̀. Ibi tí Bàbá ṣubú sí ti gbẹ." Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, pé ṣé ilẹ̀ gbígbẹ ló ń ti èèyàn ṣubú. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé, ó ń sunkún.

Sọ́ńdè, ààwẹ̀ karùn-ún

Mariyah gbé àkàrà wá fún ìṣínu. N kò dá a lóhùn. Mo jẹ àkàrà náà. Ó dùn.

Àtàláátà, ààwẹ̀ keje

Mùjíbù wá láti Ajah láìpè wá ṣáájú. Ẹnìkan ti sọ fún un, àdúgbò wa kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ó wo ìgúnpá bàbá rẹ̀. Ó wo àtẹ̀gùn wa, ó wo gílóòbù tó ti jó lórí rẹ̀, ó jáde lọ wo pákó tí a fi bo gọ́tà, ó ń mi orí kiri bíi wolé-wolé.

"Bàbá, àtẹ̀gùn yìí ga jù, kò sì sí ohun tí èèyàn lè dì mú. Ẹ tún ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́. Lọ́dọ̀ mi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni yàrá yín máa wà. Omi ń yọ nínú yàrá."

"Mọ́sáláásí ńkọ́?"

"Mọ́sáláásí wà ní Ajah, Bàbá."

"Ṣé wọ́n ní ládàánì?"

"Wọ́n ní."

"Kí ni mo wá fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Báyìí ni wọ́n ṣe fà á títí a fi ṣínu. Nígbà tó fẹ́ lọ, Mùjíbù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí iwájú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo bẹ̀ yín. Tí ẹ bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a tó túnu, ẹ̀ ń bá mi lọ nìyẹn. Ẹ ṣèlérí." Bàbá rẹ̀ ní ó dáa, òun ṣèlérí. Kíá ló sọ ọ́, torí ó dá a lójú pé òun ò ní ṣubú mọ́.

Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ta ni mo mọ̀ ní Ajah? Èmi tiẹ̀ lè fara dà á. Ọkùnrin yìí ńkọ́? Tí wọ́n bá gba ìpè ìrun lọ́wọ́ rẹ̀, n kò mọ ohun tí yóò máa jí fún láàárọ̀. Kò gbọdọ̀ ṣubú.

Àlàmísì, ààwẹ̀ kẹsàn-án

Ọpẹ́olúwa káfíńtà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà ní òpópónà ẹ̀yìn wa, wá kan igi ìdìmú sí àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ní, "Màmá, tí erin bá dì í mú, kò ní já." Mo ní kì í ṣe erin ló ń gbé ibí, kó kàn án dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìṣó kún un.

Mo ká rọ́ọ̀gì yàrá. Mo pààrọ̀ gílóòbù. Mo gé ẹsẹ̀ jalàbíà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, torí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Sálúbàtà rẹ̀ tó ti fẹ́lẹ́, mo jù ú sínú pàǹtí. Ó lọ mú un. Mo tún jù ú nù. Mo ra bàtà rọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú fún un ní Ìdúmọ̀tà, ó ní ó dà bíi ti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo bí mo ṣe ń gbá kiri. "Ìyá Mùjíbù, ṣé onílé ti lé wa ni?"

"Èmi ni onílé. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín."

Jímọ̀, ààwẹ̀ kẹwàá

A ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò ṣubú.

Sátidé, ààwẹ̀ kọkànlá

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti da sìmẹ́ńtì sórí gọ́tà iwájú ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá wọn kí wọ́n tó dá mi lóhùn, ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo gbé àga lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta ayò. Ọ̀kan nínú wọn ni mo kọ́ ní kíláàsì kejì, òun ló kọ́kọ́ dìde.

Lọ́sàn-án mo rí Bàbá Mùjíbù tó dìde lórí àga, tó fọwọ́ ti ògiri, tó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ń ronú ni.

Àtìní, ààwẹ̀ kẹtàlá

Ó ti ṣubú.

Ìrun alásárì ni. Mo wà lókè, mò ń gé ilá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó pè é, ó dá ṣáká. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ ariwo. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wá, Jíbrílù igbákejì rẹ̀ di orí rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ti rin fìlà. Mo sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, n kò tíì mọ ibi tí mo sọ ọ́ sí títí di ìsinsìnyí.

Jíbrílù ní wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n gbérí, gbogbo wọn dìde, Alhaji náà bá wọn dìde. Ó dúró díẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. Etí pẹpẹ Kùránì ló ha á lókè ojú.

"Ṣé omi wà nílẹ̀ ni?"

"Kápẹ́ẹ̀tì ni, Alhaja. Ó gbẹ táútáú."

"Ṣé iná ò sí ni?"

"Ọ̀sán ni, Alhaja."

"Bàtà ńkọ́?"

Jíbrílù wò mí pẹ̀lú àánú. "A kì í wọ bàtà nínú mọ́sáláásí, Alhaja."

Mo mọ̀. Mo kàn ń wá ohun tí mo lè bínú sí ni. Igi ìdìmú, gílóòbù, bàtà, sìmẹ́ńtì, gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe, kò sì sí ọ̀kankan tó lè ràn án lọ́wọ́ níbi tó ṣubú sí.

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Má sọ fún Mùjíbù." Fóònù mi dún kí n tó dáhùn. Mùjíbù ni. Ó ti gbọ́. Ó ní ká lọ rí dókítà lọ́la, òun kò lè kúrò níbi iṣẹ́ títí di Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n tó bá di Sọ́ńdè, ká ti di ẹrù.

Àtàláátà, ààwẹ̀ kẹrìnlá

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí.

A lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó wò ó ń jẹ́ Adéníkẹ́, ọmọ Èkìtì, ohùn rẹ̀ tutù. Ó wọn ìfúnpá rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ó ní kó dìde dúró, ó tún wọ̀n ọ́n. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín fọ ojú egbò yẹn ní yàrá kejì." Nígbà tí Bàbá Mùjíbù jáde tán ni nọ́ọ̀sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Mà, oògùn Bàbá, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó nínú ààwẹ̀ yìí?"

Mo gbé àyà sókè dá a lóhùn. Mo ní èmi fúnra mi ni mò ń fún un, kì í gbàgbé ẹyọ kan, ní sààrì, ó parí.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò tún fẹnu kan omi títí di ìrọ̀lẹ́?"

"Ààwẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì."

Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní méjì nínú oògùn yẹn ń fa ìfúnpá wálẹ̀, ẹ̀kẹta ń fa omi ara jáde. Dókítà pín wọn sí àárọ̀ àti alẹ́ kí wọ́n má baà pàdé. Tí wọ́n bá pàdé nínú àgbàlagbà tí kò tún mu omi, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dé orí tó bá dìde, ojú rẹ̀ á ṣú. Ó ní, "Mà, bóyá ilẹ̀ tutù, bóyá ó gbẹ, wọ́n máa ṣubú ni." Ó lọ bá dókítà. Dókítà ní kó má gba ààwẹ̀ mọ́, kó máa bọ́ aláìní dípò rẹ̀. Ó ní kó dá èyí tó ń fa omi dúró ná, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, kó sì padà wá lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà bí ẹni ń kọ ọ́ fún ọmọ jẹ́léósinmi.

Ọwọ́ mi ni. Mariyah ti gbá omi rẹ̀. Ọwọ́ tèmi yìí ni mo fi ń ti ọkọ mi ṣubú ní gbogbo àárọ̀, tí mo tún ń sọ fún un pé, "Ẹ mu omi sí i."

Nínú kẹ̀kẹ́ ó bi mí pé kí ni nọ́ọ̀sì wí. Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ má gba ààwẹ̀ mọ́. Wọ́n sì yí oògùn padà." Òótọ́ ni. Mo dákẹ́ níbẹ̀.

Àlàmísì, ààwẹ̀ kẹrìndínlógún

Ojú ń tì í láti jẹun lọ́sàn-án. Mo ta aṣọ sí ojú fèrèsé kí àwọn ọmọ inú ilé má baà rí i. Mo po ẹ̀kọ, mo gbé e fún un, ó ń fi ṣíbí mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jalè. Ó ní, "Ìwọ ń gbààwẹ̀, o sì ń po ẹ̀kọ fún mi. Allah á san án fún ọ." Mo yára gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀ kó má baà rí ojú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ó ní, "Ara ti tán."

"Ara ta ni?"

"Tèmi. Tó bá jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn ni mo ti ṣubú, ǹ bá ní àtẹ̀gùn ló fà á. Inú ìrun ni, Ìyá Mùjíbù. Mo kàn dìde ni. Ẹni tí kò lè dìde dúró mọ́, kí ló tún kù?"

Tí Mùjíbù bá gbọ́ pé èmi ni, yóò ní àwa méjèèjì ò lè tọ́jú ara wa mọ́, yóò kó wa lọ. Tí mo bá dákẹ́, yóò ṣì kó wa lọ. Kí wá ni ìdákẹ́jẹ́ yìí wà fún? Mo mọ ìdí rẹ̀. Ojú ló ń tì mí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé tí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, kí wọ́n nawọ́ sókè.

Jímọ̀, ààwẹ̀ kẹtàdínlógún

Ó ránṣẹ́ pe Jíbrílù wá sílé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo wà ní ilé ìdáná, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà. Ó ní kó máa fi aṣọ gbígbẹ nu máìkì nígbà òjò. Ó ní bọ́tìnnì àkọ́kọ́ máa ń gan, kó rọra tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó má sáré pe ìrun àsùbáà, pé àwọn arúgbó wà ní àdúgbò tó jẹ́ pé ohùn yẹn ni wọ́n fi ń dìde, kó fún wọn láyè.

Jíbrílù ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà. Màá bá yín tọ́jú rẹ̀ títí ara yín á fi yá."

Ó ní, "Kò ní yá, Jíbrílù. Ọjọ́ orí ni, kì í ṣe àìsàn."

Irọ́ ni. Irọ́ tí mo jẹ́ kó gbà gbọ́ ni. Mo dúró síbẹ̀, ìkòkò ń hó níwájú mi, n kò jáde.

Sátidé, ààwẹ̀ kejìdínlógún

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ láàárọ̀, ó fọ gbogbo eruku orí páànù.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ń fún un ní oògùn bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀. Ó dìde lórí àga láìfọwọ́ ti ohunkóhun, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti rántí, á dúró, á wá ògiri, á máa tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Ara rẹ̀ ti le, ẹ̀rù ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú àpótí fúnra rẹ̀, ó ká wọn dáadáa.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Mariyah. Òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mo ní omi rẹ̀ kọ́, oògùn tí mo dà pọ̀ ni, kó dárí jì mí. Ó gbé ọmọ lé èjìká kejì. Ó ní, "Ó ti tán, Alhaja. Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbọ́?"

Mo ní rárá.

"Hàà, Alhaja. Ẹ lọ sọ fún wọn. Láti Àtìní ni wọ́n ti ń rìn bí ẹni pé wọ́n ti kú."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. N kò lè bá a jà.

Sọ́ńdè, ààwẹ̀ kọkàndínlógún

Mùjíbù dé ní aago mẹ́wàá. Ó ti ṣí ẹ̀yìn mọ́tò sílẹ̀ níwájú ilé. Bàbá rẹ̀ ti wọṣọ, ó ti dé fìlà, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Mùjíbù gbé àpótí àkọ́kọ́.

Mo ní, "Gbé e sílẹ̀."

"Mọ́mì, a ti sọ ọ́ tán nà."

"Gbé e sílẹ̀. Jókòó."

Mo dúró láàárín yàrá, mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, torí n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Mo ní èmi ni mo kó oògùn mẹ́ta pọ̀ ní sààrì. Mo ní n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní àtẹ̀gùn kọ́, ilé kọ́, ọjọ́ orí kọ́. Mo ní láti Àtàláátà ni mo ti mọ̀, mo sì wà ní ilé ìdáná nígbà tó ń gbé kọ́kọ́rọ́ fún Jíbrílù.

Mùjíbù fò dìde. "Mọ́mì! Ẹ̀yin? Ẹ ò pè mí, ẹ ò pe dókítà? Tí orí wọn bá fọ́ ńkọ́? Ẹ rí i báyìí pé ẹ ò lè..."

Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè dá a dúró.

"Hussainat." Ó ti pẹ́ gan-an tó ti pè mí lórúkọ. "Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé kì í ṣe ẹsẹ̀ mi?"

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ yín."

"Kì í ṣe orí mi?"

"Kì í ṣe orí yín. Èmi ni. Ẹ dárí jì mí."

Mo ń retí kó bínú. Mo ti múra sílẹ̀ fún un, mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ìrìn àjò ni wọ́n ti dé. Ó fi ọwọ́ gbá itan rẹ̀ ọ̀tún, ó gbá ti òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo rí i pé ẹkún ni.

"O ò bá ti sọ fún mi. Láti Àtàláátà ni mo ti ń dágbére fún ara mi."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde jàre, òun ti dárí jì mí, ẹsẹ̀ òun ni òun ń kí. Ó sì dìde láìwá ògiri, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó rìn padà. Mùjíbù yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi apá aṣọ nu ojú.

A jókòó, a sọ ọ́ bí ọmọ ìyá. Mùjíbù fi fóònù ya fọ́tò ìwé nọ́ọ̀sì. Ó ní òun á máa pe wá láàárọ̀ lálẹ́, a kò gbọdọ̀ sọ pé ó ń yọ wá lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ mọ́. Jíbrílù ni yóò máa pe àsùbáà, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí dun bàbá, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà. Tiwa ni àìlà àti alásárì. Mùjíbù ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ lófìfo.

Àtàláátà, ààwẹ̀ kọkànlélógún

Mo dúró níwájú àsàlátù, mo nawọ́ sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ń ṣe bí mo ṣe kọ́ ọ kó má ṣe é mọ́, kó lọ bá nọ́ọ̀sì. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní olórí pípé lónìí. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbà tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Òkè Àrin, fa ọ̀rá oògùn yọ nínú àpò rẹ̀, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ wò ó, méjì ni mò ń dà pọ̀. Mo rò pé ebi ló ń mú kí òòyì máa kọ́ mi." A jọ ń lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la.

Jímọ̀, ààwẹ̀ kẹrìnlélógún

Ó pe alásárì lánàá. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó sì là. Mariyah jáde dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń wo òkè, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Láàárọ̀ yìí mo ka ìwé nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú oògùn rẹ̀. Mo gbé e lọ bá a pẹ̀lú ife omi. Ó la àtẹ́lẹwọ́, ó ń wo ìta.

Mo ní, "Ẹ wò ó kí ẹ tó lò ó."

Ó na ọwọ́ sí i.

"Bàbá Mùjíbù, láti ìsinsìnyí lọ, ẹ ó máa wo ohun tí mo bá fún yín. Ẹ ka ìwé yìí. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó yí padà, ó wò mí lójú dáadáa. Ó mú oògùn náà lọ́wọ́ mi láìwò ó, ó jù ú sẹ́nu, ó gba omi.

"Mo ti wò ó," ló wí.